Ẹ̀yin tó padà sílé láti du ipò káńsẹ́lọ̀, kí lojú yín rí?

Ọmọ Òkè-Ògùn

Èmi ni mo béèrè, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé mo fi Èkó sílẹ̀ nítorí ipò káńsẹ́lọ̀. Ẹ̀yà ara mọ́tò tòkunbọ̀ ni mo ń tà ní Ládípọ̀, ọjà ò sì burú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá wálé ọdún iléyá, bí mo ṣe fi ọ̀nà àdúgbò wa sílẹ̀ náà ni mo ń bá a, kòtò ọ̀hún kò kúrò lójú kan. Mo ní káńsẹ́lọ̀ kì í kúkú ṣe gómìnà, ẹni tó bá mọ ìlú á lè ṣe é.

Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró kì í ṣe owó, káàdì ìdìbò ni. Muṣin ni mo ti gbà á. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé olùdìbò ìlú kò lè dìbò fún ara rẹ̀ pàápàá, áńbọ̀sìbọ́sí pé kó ní kí ẹlòmíì dìbò fóun. INEC ló ń gbé orúkọ èèyàn láti ibì kan síbòmíì, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè ṣe é, torí wọ́n máa ń dá ìforúkọsílẹ̀ dúró tí ìdìbò ńlá bá ti ń sún mọ́lé. Bẹ́ẹ̀, INEC kọ́ ló ń ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ o. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àjọ tirẹ̀. Gómìnà ló ń yan àwọn tó wà níbẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Nígbà tí káàdì dé ọwọ́ mi, mo lọ kí alága wọ́ọ̀dù nílé. Mo mú obì àti páálí ẹlẹ́rìndòdò dání. Bàbá gbà á, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n ní kí n jókòó. Mo bá rojọ́ ọ̀nà, mo rojọ́ kànga, mo rojọ́ òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí atẹ́gùn ká lọ. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n pe ọmọ kan pé kó bá àwọn mú ìwé wá látinú yàrá.

Ìwé tí ọmọ ilé ìwé fi ń kọ iṣẹ́ ni, ó ti gbó, wọ́n wá fi okùn gán an mọ́ òmíì, wọ́n tún gán òmíì mọ́ ọn. Orúkọ àwọn tó ń wá sí ìpàdé wọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Àwọn tí kò mọ̀wé kọ fi bírò kun àtàǹpàkò, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ₦100, ₦100, bẹ́ẹ̀ ló lọ títí. Bàbá ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, wọn ò kánjú.

"Ọ̀gá Èkó, wá bá mi wá orúkọ ẹ níbí."

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó wà ní oríta nìyí. Òun náà tún nìyí. Lọ́jọ́ tibí, òjò ńlá rọ̀, a ò ju èèyàn márùn-ún lọ, ó wà níbẹ̀. Tí mo bá fà ọ́ kalẹ̀, kí ni kí n sọ fún un?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa wá."

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo èsì ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ní Ọ̀yọ́, April 2024, PDP kó gbogbo ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ 33. Ní Kwara, September ọdún yẹn kan náà, APC kó gbogbo 16. Ní Oǹdó, January 2025, APC tún kó gbogbo 18. Ẹgbẹ́ tó bá wà lórí àga ní ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń kó o, ẹ ó sì rántí ẹni tó ń yan àjọ elétò ìdìbò. Nítorí náà, inú pálọ̀ ni wọ́n ti ń dìbò káńsẹ́lọ̀ lóòótọ́. Àwọn aṣáájú á jókòó, wọ́n á ní àdúgbò báyìí ló kàn, wọ́n á fa ẹnì kan kalẹ̀, wọ́n á wá bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n gbà fún un. Ẹni tó bá bínú lè gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ míì. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìbò ará ilé wọn ni wọ́n rí.

Wọn ò fà mí kalẹ̀. Ọlọ́kadà kan ni wọ́n mú, ẹni tó máa ń gbé aboyún lọ sọ́sibítù lóru láì kọ́kọ́ béèrè owó. Ta ló fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du nǹkan? Èmi náà tẹ̀ lé e kiri kápéènì. Mo ṣì ń lọ ìpàdé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìyàwó Èkìtì

Ẹ̀yin ọkùnrin, ìwé ìpàdé ni wọ́n ní kí ẹ mú wá. Tèmi le ju tiyín lọ.

Èmi àti ọkọ mi ti Lọ́ńdọ̀nù dé, a kọ́lé sílùú wọn. Mo sọ pé mo fẹ́ díje. Àwọn àgbà ilé dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ìyàwó wa, a fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ẹ kò ṣe lọ ṣe é nílé bàbá yín?" Mo gba ilé bàbá mi lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tí o bá wọlé tán, ṣé kì í ṣe ìlú ọkọ ẹ lo máa da ọ̀dà sí?"

Kò sí ibi tí òfin Nàìjíríà ọdún 1999 ti ní ilé bàbá nìkan ni obìnrin ti lè díje. Ẹ̀ka 42 rẹ̀ tiẹ̀ lòdì sí fífi ìlú ẹni tàbí jíjẹ́ obìnrin yan èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ẹ̀ka 42 ní ìpàdé wọ́ọ̀dù?

Nígbà tó yá, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù fún obìnrin. Inú mi dùn. Àṣé aago mẹ́wàá alẹ́ ni ìpàdé tó ní láárí máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè di aago méjì òru. Obìnrin tó bá jókòó débẹ̀, wọ́n á fún un lórúkọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo bá ní kí ọkọ mi máa sìn mí lọ. Kíá ni wọ́n gbé àga fún ọkọ mi, òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ká gé e kúrú, wọ́n ní ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, kó wá díje! Ọkọ mi ní òun ò ṣe. Èmi ò tíì gbà pé ó ti tán.

Káńsẹ́lọ̀ tẹ́lẹ̀

Èmi wọlé ní tèmi. Aago márùn-ún ìdájí, àwọn èèyàn ti wà lẹ́nu ọ̀nà: owó oògùn, owó ilé ìwé, aṣọ ẹbí. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní 11 July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, wọ́n gbọ́ ọ nínú rédíò. Ọjọ́ kejì, bàbá kan ní kí n má jẹ ẹ́ dá. Mo ní, Bàbá, aṣòfin káńsù ni káńsẹ́lọ̀, òfin kéékèèké àti bọ́jẹ́ẹ̀tì ni à ń jókòó lé lórí, kì í ṣe èmi ni akápò. Wọ́n ní gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tí mo rí gbà ni kátàpílà tó wá tún ọ̀nà wa ṣe, kì í sì ṣe ní ìjókòó káńsù ni mo ti gbà á. Ibi ìsìnkú ìyá ìyàwó alága káńsù ni. Mo gbé abọ́ jíjẹ fún àwọn àlejò rẹ̀ títí dalẹ́, mo wá lọ sọ ọ́ sí i létí. Kátàpílà dé, ó tún un ṣe dé ìdajì, dísù tán. Àwọn tó wà lápá tó kù ní àwọn ti rí i pé mo mọ ilé mi tún ṣe, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀dọ̀ wọn gan-an nilé mi wà!