Ṣé kí n lọ sí Èkó ni, àbí kí n dúró n'Íbàdàn?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Iṣẹ́ méjì ló yọjú lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Èkó, ní Victoria Island, 450,000 náírà lóṣù. Ti Ìbàdàn, ní Bódìjà, 280,000. Owó Èkó wù mí gan-an, torí èmi ni mò ń san owó iléèwé àbúrò mi. Ṣùgbọ́n Ìkòròdú ni mo ti lè rí ilé tí apá mi ká: màá máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí, màá tún há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland Bridge lálaalẹ́. N'Íbàdàn, màá máa rí ìyá mi, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ìlú méjèèjì, ṣé owó Èkó yẹn máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti owó ilé?