Ìwé wo ni kí n kó lọ sí Sókótó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ilé o. Sókótó ni wọ́n gbé mi lọ fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Mọ́tò ni màá wọ̀, torí owó bàálù ju agbára mi lọ. Báàgì kan ṣoṣo ni mo ní, aṣọ funfun àti bàtà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Àyè ìwé mẹ́ta ló kù. Mo ti mú ìwé ìdánwò ICAN kan, ìyẹn ìdánwò àwọn oníṣirò owó, mo mú Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ti Fágúnwà. Kí ni kí n fi ṣe ẹ̀kẹta?

Alákọ̀wé: Ta ló ń ru ìwé kiri láyé òde òní? Kó gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, ó parí.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, o kú oríire o. Sókótó lèmi náà ti sìnlú. Má dá Alákọ̀wé lóhùn. Iná àgọ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbowó cháájì ní Mámì, ọjà inú àgọ́, ni fóònù rẹ á máa wà.

Yọ ìwé ICAN yẹn jáde. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá sí yàrá wa, ìrọ̀rí ló fi ṣe títí ọjọ́ 21 fi pé. Wọ́n á ti fun fèrè kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó sáré, ẹ ó yan bíi ṣọ́jà, ẹ ó tò fún oúnjẹ, ẹ ó jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Díẹ̀díẹ̀ lo máa ráyè kàwé: díẹ̀ lórí ìlà, díẹ̀ lábẹ́ igi. Ìwé tó bá ń fẹ́ kí o rántí ojú ewé 40 kí 41 tó yé ọ kò bá ibẹ̀ lọ.

Mú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Láti 1969 ló ti wà, síbẹ̀ Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, kì í jẹ́ kéèyàn gbé ìwé náà sílẹ̀. Dípò ICAN, mú Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Eré ni, kò nípọn, ẹ sì lè jọ kà á. Ní yàrá tiwa, ńṣe la pín in kà. Ọmọ Ìbíbíò kan tí kò gbọ́ Yorùbá ló ní òun ni Látòósà, Ààrẹ Ìbàdàn inú eré náà. À ń sọ ọ́ sí i létí, òun náà ń pariwo rẹ̀ jáde. Ẹ̀rín pa wá!

Kọ orúkọ rẹ sí inú ìwé níbi mélòó kan, torí "jẹ́ n wò ó" ni wọ́n fi ń gbé e lọ. Nínú mọ́tò, má retí kíkà púpọ̀, òòyì á kọ́ ọ. Tí ẹ bá sì dé Jẹ́bà, pa ìwé dé kí o wo Odò Ọya.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló ra ìwé ICAN yẹn, wọ́n sì ń yọjú wo báàgì mi lójoojúmọ́ ni.

Ìyá Ìbejì: Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ tí o bá ti kúrò ní àgọ́, tí o ti mọ ibi iṣẹ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ oṣù ṣì wà níwájú tí wàá fi kà á. Àjà Ló Lẹrù ńkọ́? Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, kò ní wọ́n bíi tuntun.