Ẹ gbà mí o: líìsì ni kí n ṣe, àbí kí n fi lóònù ra ọkọ̀?

Olùbéèrè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Orí mi ti gbóná láti àná, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ nílé tí kò ní di ìjà. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Aago mẹ́wàá ni mo débẹ̀, ọkùnrin tó ń tà á fi mí jókòó títí di aago méjì ọ̀sán. Ìgbà tó máa yọjú, ìwé méjì ló kó síwájú mi, ó ní kí n mú ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni líìsì ọdún mẹ́ta, ìyẹn ni pé màá máa sanwó lo ọkọ̀, màá sì dá a padà lópin rẹ̀, 612 lóṣù. Èkejì ni lóònù ọdún márùn-ún, 657 lóṣù. Ó ní tí mi ò bá tíì fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, iye yẹn á yí padà. Bí mo ṣe ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, fóònù ló ń tẹ̀. Ọkọ mi ní líìsì ni kí n ṣe torí iye tí màá máa san lóṣù lórí rẹ̀ kéré. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹni tó bá ṣe líìsì, inú kòtò ló ń da owó sí. Àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ó wá dà bíi pé èmi ni mo dá wàhálà sílẹ̀. Ọkọ̀ náà dára, àwọ̀ rẹ̀ wù mí, ẹ́síì rẹ̀ tutù nini. Èwo ni kí n mú?

Alábòójútó:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ibi gbogbo la ti wá sínú ẹgbẹ́ yìí, nọ́ńbà nìkan la máa ń kọ, a kì í dárúkọ owó. Ohun tí ẹ kọ ò tíì tó fún ẹnikẹ́ni láti dá yín lóhùn. Èló ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀? Kìlómítà mélòó lẹ máa ń wà lọ́dún? Ọdún mélòó lẹ fẹ́ fi lò ó? Èló lẹ fẹ́ san sílẹ̀?

Má-jẹ-gbèsè:
Ẹ̀gbọ́n yín ló sọ òótọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko lẹ máa fi sanwó, ẹ ó wá dá ọkọ̀ padà, ọwọ́ yín á sì ṣófo. Ẹ gba lóònù, ẹ san án tán, kí ọkọ̀ di tiyín. Kò sí ohun tí ẹ tún ń rò níbẹ̀.

Aṣèṣirò:
Ẹ̀gbọ́n Má-jẹ-gbèsè, kò rí bẹ́ẹ̀ tán o. Ohun méjì lèèyàn ń san nínú líìsì: iye tí ọkọ̀ fi já wálẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, àti èlé. Ẹni tó fi lóònù ra ọkọ̀ náà ń pàdánù iye tí ọkọ̀ fi ń já wálẹ̀, kò kàn sí ìwé tó ń fi hàn án lóṣooṣù ni. Àǹtí, ẹ wo ìwé líìsì yẹn dáadáa. Ẹ wá iye tí wọ́n ní ọkọ̀ máa kù sí lópin ọdún kẹta, kí ẹ tún wá nọ́ńbà kékeré kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.00, tí wọ́n kọ money factor síwájú rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣírò èlé líìsì.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Iye ọkọ̀ jẹ́ 30,000. Wọ́n ní á kù sí 16,500. Nọ́ńbà kékeré náà jẹ́ 0.0025, ọkùnrin yẹn pè é ní "méjì ààbọ̀", ó ní ó dín sí èlé lóònù tó jẹ́ ìdá 6 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí líìsì fi wọ̀ mí lójú. Ní ti àwọ̀, ẹ má sọ pé n kò gbọ́dọ̀ wo àwọ̀, èmi ni mo máa máa wà á.

Aṣèṣirò:
Ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ìdá méjì ààbọ̀ rárá. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2,400 kí ẹ tó lè fi wé èlé lóònù: 0.0025 lọ́nà 2,400 jẹ́ 6. Èlé kan náà ni méjèèjì! Wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá pè é ní méjì ààbọ̀, etí yín á gbọ́ ọ bí ohun tó rọjú.

Ìṣirò líìsì: 30,000 yọ 16,500 kúrò, ó ku 13,500. Ẹ pín in sí oṣù 36, ó jẹ́ 375. Èlé rẹ̀: ẹ ro 30,000 pọ̀ mọ́ 16,500, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.0025, ó jẹ́ 116.25. Àpapọ̀ 491.25 lóṣù. Lóònù 30,000 fún oṣù 60 ní ìdá 6 jẹ́ 580 lóṣù.

Ìwé tiyín sọ pé 612 àti 657. Níbo ni 121 ti wọ inú ti líìsì? Níbo ni 77 ti wọ inú ti lóònù? Kì í ṣe owó orí nìkan ni, ó ti pọ̀ jù. Ẹnì kan ti fi nǹkan bí 4,000 kún iye ọkọ̀ yẹn.

Má-jẹ-gbèsè:
Ẹ ò rí i? Líìsì!

Aṣèṣirò:
Ẹ̀gbọ́n, ó wà nínú ìwé lóònù náà.

Olówó-kékeré:
Tí iye tí ẹ máa san lóṣù bá ń ni yín lára, ẹ ní kí wọ́n na lóònù yẹn sí ọdún méje. Á bọ́ sí 438 lóṣù lórí 30,000. Ó kéré sí ti líìsì, ọkọ̀ á sì tún jẹ́ tiyín.

Aṣèṣirò:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà wọ́n nímọ̀ràn yẹn. Lẹ́yìn oṣù 36, gbèsè tó máa kù nínú lóònù ọlọ́dún méje jẹ́ 18,661, ọkọ̀ á sì ti wálẹ̀ sí 16,500. Tí wọ́n bá jí i, tàbí tó bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, iye ọkọ̀ lọ́jà ni ìnṣọ́ránsì ń san. 2,161 tó kù di gbèsè lórí ọkọ̀ tí kò sí mọ́, àfi tí ẹ bá ti ra ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní GAP, tó ń dí àlàfo yẹn. Nínú lóònù ọlọ́dún márùn-ún, 13,086 ló máa kù ní oṣù yẹn kan náà.

Olùbéèrè:
Mo ti rí 4,000 náà. N kò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ ọ́. Ọkọ̀ tí mò ń wà lọ́wọ́ ní gbèsè 9,000 lórí. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun máa gbà á ní 5,000, kí n má dààmú nípa ìyókù, àwọn máa bójú tó o. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóònù ọlọ́dún méje ni mo fi ra ìyẹn náà.

Alábòójútó:
Mà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn. "A máa bójú tó o" yẹn, ẹ̀yin náà lẹ máa san án, pẹ̀lú èlé. 121 lóṣù fún oṣù 36 jẹ́ nǹkan bí 4,360 lórí 4,000. Ẹ ó sì dá ọkọ̀ padà lópin rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti san gbèsè ọkọ̀ méjì.

Má-jẹ-gbèsè:
Tí a bá yọ 4,000 yẹn kúrò, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé lóònù ló dára jù.

Aṣèṣirò:
Ẹ jẹ́ ká wò ó láìsí 4,000. Líìsì: 491.25 fún oṣù 36 jẹ́ 17,685. Lóònù: ẹ ó ti san 20,879 ní oṣù 36, gbèsè á ku 13,086. Tí ẹ bá ta ọkọ̀ ní 16,500 kí ẹ sì san gbèsè náà, 3,414 á padà sọ́wọ́ yín. Ohun tí ọkọ̀ ná yín lọ́dún mẹ́ta jẹ́ 17,465. 220 péré ló wà láàárín wọn. Lẹ́yìn ọdún kẹta ni wọ́n tó pínyà: ẹni tó máa lo ọkọ̀ fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni lóònù sàn fún, torí á wà á fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsanwó. Ẹni tó máa pààrọ̀ lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, líìsì ò pa á lára, tí kò bá ti kọjá iye kìlómítà tí ìwé líìsì gbà á láyè.

Má-jẹ-gbèsè:
16,500 yẹn, àbá lásán ni. Tí ọjà bá ṣubú ńkọ́?

Aṣèṣirò:
Ibẹ̀ gan-an ni líìsì ti ní àǹfààní. Tí iye ọkọ̀ bá já kọjá àbá yẹn, ilé iṣẹ́ tó ni ín ló pàdánù, kì í ṣe ẹni tó ń wà á. Tó bá sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìwé àdéhùn bá fún yín láyè àtirà á ní 16,500, ẹ lè rà á. Ẹ rí i pé gbólóhùn yẹn wà níbẹ̀.

Àǹtí, ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ kìlómítà.

Olùbéèrè:
N kì í rìnrìn àjò. Ibi iṣẹ́ nìkan ni mò ń lọ. Kìlómítà 45 ni láti ilé. Ìwé líìsì sọ pé 15,000 lọ́dún, mo rò pé ó pọ̀.

Olówó-kékeré:
Ó tì o! Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 90 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún: 21,600, ẹ ò sì tíì lọ sọ́jà. 6,600 lẹ máa fi kọjá lọ́dọọdún. Èló ni wọ́n ń gbà lórí kìlómítà tó bá lé?

Olùbéèrè:
0.15.

Olówó-kékeré:
19,800 kìlómítà lọ́dún mẹ́ta, lọ́nà 0.15, ó jẹ́ 2,970. Ọjọ́ tí ẹ bá dá ọkọ̀ padà ni wọ́n máa ní kí ẹ san án, pẹ̀lú owó táyà tó ti họ àti ara ọkọ̀ tó bá ha. Tó bá jẹ́ líìsì lẹ fẹ́ dandan, ẹ ra kìlómítà púpọ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń dínwó ju ti ìgbẹ̀yìn lọ.

Ọwọ́-Dúdú:
Mẹkáníìkì ni mí, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Kí ló ṣe ọkọ̀ tó wà nílẹ̀?

Olùbéèrè:
Ẹ́síì ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Tí mo bá sáré tí mo wá tẹ bíréèkì, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin náà ní ẹ́ńjìnnì ti ń kú lọ.

Ọwọ́-Dúdú:
Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ́ńjìnnì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Díìsì iwájú, irin rìbìtì tí páàdì bíréèkì ń fún mú, ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ó ti jẹ níbì kan ju ibòmíràn lọ, ibi tó nípọn wá ń kan páàdì bó ṣe ń yí. Kí wọ́n wọn bó ṣe nípọn tó. Ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kéré sí máa ń wà lára díìsì fúnra rẹ̀. Ọ̀tún àti òsì ni wọ́n ń pààrọ̀ pọ̀, pẹ̀lú páàdì tuntun. Kí wọ́n tó de tuntun, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ojú ibi tó máa jókòó sí kó dán. Tí ìpẹtà bíńtín bá ṣẹ́kù síbẹ̀, díìsì tuntun á tẹ̀, ìgbọ̀n á sì padà láìpẹ́. Bákan náà ni nọ́ọ̀tì táyà: ká máa de é ní ìdojúkọ-ìdojúkọ, gbogbo rẹ̀ kó le bákan náà.

Ní ti ẹ́síì, kí wọ́n wo fíúsì, kí wọ́n wo bóyá gáàsì ń jò, kí wọ́n tó dárúkọ kọmpirẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì ẹ́síì kiri. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn rọ gáàsì sí i láìwá ojú ihò, á tún jò dànù. Tí kọmpirẹ́sọ̀ bá ti lọ ara rẹ̀ nínú, tí irin wẹ́wẹ́ sì ti bá òróró rẹ̀ rìn, ìgbà yẹn ni owó ẹ̀ tó pọ̀, torí kọ́ńdẹ́ńsà, ibi tí gáàsì náà ti ń tutù, náà máa kúrò. Síbẹ̀, kò jọ iṣẹ́ 4,000.

Olùbéèrè:
Ẹni tí mo fọkàn tán kankan ò sọ èyí fún mi rí. Mo ní 3,000 nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi san owó àsansílẹ̀ líìsì.

Aṣèṣirò:
Ẹ má fi san án. Owó tí ẹ bá san sílẹ̀ lórí líìsì, tí wọ́n bá jí ọkọ̀ náà lóṣù kejì, ó sábà máa ń bá ọkọ̀ lọ ni. Ẹ fi díẹ̀ tún bíréèkì àti ẹ́síì ṣe. Ìyókù, ẹ san án sórí gbèsè 9,000 yẹn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó yá yín lówó pé ojú owó, ìyẹn owó tí ẹ yá gan-an, ni kí wọ́n fi dín. Tí ẹ ò bá kọ ọ́, wọ́n lè kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀, èlé ò sì ní dín bó ṣe yẹ. Ẹ tún béèrè bóyá owó ìtanràn wà lórí kí èèyàn san ṣáájú àkókò. Ọjọ́ tí gbèsè bá bọ́ sí abẹ́ iye tí ẹ lè ta ọkọ̀ fún, ẹ padà wá, ká jọ ṣe ìṣirò tuntun. Kí ẹlòmíràn náà yẹ̀ ẹ́ wò o, 5,000 yẹn, iye ẹnì kan ṣoṣo ni.

Má-jẹ-gbèsè:
Lórí èyí, mo fara mọ́ ọn.

Olùbéèrè:
Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. N kò tíì fọwọ́ sí ìwé méjèèjì. Àmọ́ mo ti san 500 kí wọ́n má ta ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn.

Alábòójútó:
Ẹ wo rìsíìtì 500 náà. Ṣé ó sọ pé wọ́n máa dá a padà tí ẹ ò bá rà á mọ́, àbí ó sọ pé kò ṣeé dá padà? Ohun yòówù kó sọ, lónìí ni kí ẹ kọ̀wé sí wọn pé ẹ ò ṣe mọ́, ẹ má fẹnu sọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì náà, ẹ bo orúkọ àti nọ́ńbà yín, kí ẹ gbé e síbí.

Olùbéèrè:
Mò ń wá a nínú báàgì.