Àbọ̀ ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù mi: ó ti ń ṣiṣẹ́ o

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀. Ẹ ó rántí pé láptọ́ọ̀pù mi kọ̀ láti ka àwo DVD Windows 10 tí mo fẹ́ fi sí i. Á kàn máa kùn, á sì dákẹ́. Bọ̀dá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìgbọ̀nà, níbí l'Óṣogbo, yẹ̀ ẹ́ wò: ojú tó ń ka àwo ló ti kú. Kò jẹ́ kí n ra òmíràn, Ọlọ́run á bùkún un. Media Creation Tool, ètò Microsoft tó ń gbé Windows sórí fúláàṣì, la fi gbé e sórí fúláàṣì 8GB dípò àwo.

Wàhálà kejì tún dé: Windows ní òun ò lè wọ dísíìkì inú láptọ́ọ̀pù náà torí pé ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń pè ní GPT ni wọ́n fi pín in. Àṣé Legacy, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń tan, la fi tan ẹ̀rọ, kò sì bá GPT mu. A yí i sí UEFI, ọ̀nà tuntun, nínú BIOS (ibi ètò tí èèyàn lè ṣí kí Windows tó tan), ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ kó fáìlì mi pamọ́, ẹ ṣeun gan-an. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ mi wà níbẹ̀.