Kẹ́míkà ń ba àbúrò mi lára jẹ́ lóko, owó iṣẹ́ kò sì jáde. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìgbọ̀nà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ lóko ẹ̀fọ́ àti tòmátì kan lọ́nà Ìbòkun. Òun ló máa ń gbé páǹpù kọ́yìn fín koríko, láìsí ìbọ̀wọ́, láìsí bàtà òjò. Páǹpù ọ̀hún ń jò, omi kẹ́míkà á máa ṣàn sí i lẹ́yìn títí dé ìdí. Nígbà tó wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú wò: àwọn èékánná ẹ̀ ti funfun, ọ̀kan ti ń ṣí kúrò. Imú ẹ̀ tún ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní kẹ́míkà yẹn ń jó koríko gbẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ọ̀gá ẹ̀ kò sanwó látìgbà òjò. Wọ́n ní kó dúró kí tòmátì tà ná. Wọ́n sì ti ní àwọn á yọ owó páǹpù tó bàjẹ́ nínú owó ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló bá a wáṣẹ́ yìí, ojú wọn ni mò ń wò. Èmi náà sì ń ra ẹ̀fọ́ lóko yẹn tà. Ṣé kí n mú un kúrò jẹ́ẹ́ ni, àbí kí n béèrè ẹ̀tọ́ ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìyá, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná. Ọsibítù lónìí, kì í ṣe kẹ́mísítì. Kó ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù kẹ́míkà náà, kí dókítà rí i. Ohun tí ẹ sọ jọ paraquat, kẹ́míkà apakoríko kan, gan-an. Ó máa ń ba èékánná àwọn tó ń fín in jẹ́, ó sì máa ń mú imú ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá gba ojú egbò wọlé, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń pa oró ẹ̀. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024! Aṣọ tó fi ń fín oko, ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́ tàwọn ọmọ.

Ọmọ Ọ̀ṣun:
Ẹ sọ fún ọ̀gá yẹn pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù. Ẹ fẹjọ́ sùn!

Agbẹjọ́rò, Ọláìyá:
Ẹ rọra. Òfin ₦70,000 ti ọdún 2024 kò kan ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá pé 25, kò sì kan iṣẹ́ oko onígbà. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ni kí ẹ dì mú. Ó ní owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju oṣù kan lọ kó tó jáde. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ti páǹpù yẹn, ọ̀gá kò lè yọ kọ́bọ̀ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ̀wé gbà á láyè, àti pé ó jẹ́ àfọwọ́fà tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́. Páǹpù tó gbó kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó gbé e kọ́yìn.

Ti àìsàn, Employee's Compensation Act ọdún 2010 wà, òfin owó ìtanràn fún ẹni tó fara pa tàbí ṣàìsàn lẹ́nu iṣẹ́. Kó fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, lórí ìwé, kẹ́ ẹ sì lọ bá NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó náà. Bí kò bá sówó agbẹjọ́rò, ẹ lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá Àgbàdo, Ìdó-Ọ̀ṣun:
Èmi náà ń gba alágbàro. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá kọbè tán ni mo máa ń kà á, tí mo sì ń sanwó. Ẹni tó ní kí òṣìṣẹ́ dúró kí ọjà tà ti sọ ọ́ di alájọni oko nígbà àdánù nìkan. Ṣé ó máa ń pín èrè fún un nígbà tí tòmátì bá wọ́n ni?

Ìyá Alátà:
Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ mi, ẹ̀yin oníbàárà lẹ lágbára o. Ẹ kó ara yín jọ, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹ ò ní rà mọ́ títí yóò fi kó kẹ́míkà yẹn kúrò, tí yóò sì sanwó fáwọn tó ń ṣe é. Nílé ìsọ̀ wa, a máa ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n fín oko kẹ́yìn ká tó gbé ẹ̀fọ́. Ara gálọ́ọ̀nù ni wọ́n ń kọ iye ọjọ́ tó yẹ kéèyàn dúró kó tó já a. Ohun tó ń jẹ ọwọ́ àbúrò yín, àwa náà la máa jẹ ẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìgbọ̀nà:
Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. A ti wà ní ọsibítù báyìí. Paraquat ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ mi ní òun á bá ẹ̀gbọ́n òun sọ ọ́ lálẹ́ òní. Agbẹjọ́rò, kò ní ìwé kankan o. Kí ló lè fi jẹ́rìí?

Agbẹjọ́rò, Ọláìyá:
Álẹ́ẹ̀tì báńkì ìgbà tí wọ́n ṣì ń sanwó, fọ́tò gálọ́ọ̀nù yẹn, ìwé dókítà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kó kọ orúkọ wọn àti nọ́ńbà wọn sílẹ̀ kó tó fi oko náà sílẹ̀.