Aláboyún UK, ẹ má dá ìtọ̀ dúró o

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò kan béèrè lánàá pé oyún òun ti pé oṣù márùn-ún, tóun bá ń tọ̀ ó máa ń ta òun, ṣé kóun lọ ra oògùn ní fámásì. Àbúrò mi, mo bẹ̀ ẹ́, pe mídíwáìfù ẹ tàbí GP (dókítà àdúgbò ẹ) lónìí. Lóòótọ́ láti January 2024 fámásì ní England ti ń fún obìnrin ní antibiotic (oògùn apakòkòrò) fún irú àrùn ìtọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní UTI, láìrí dókítà, àmọ́ aláboyún ò sí níbẹ̀, wọ́n á dá ẹ padà ni.

Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ìrora kankan nígbà tèmi. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wákàtí 12, tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí màá ní kí n kọ́kọ́ wẹ màmá yìí tán ná, kí n gbé bàbá tọ̀hún jókòó, títí tí màá fi gbàgbé, omi gan-an mi ò kì í mu kí n má baà máa sáré lọ tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ìtọ̀ tí mo gbé lọ ní booking, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ forúkọ oyún sílẹ̀ lọ́dọ̀ mídíwáìfù, ni wọ́n ti rí kòkòrò. Mídíwáìfù ní oyún máa ń jẹ́ kí ọ̀nà ìtọ̀ dẹ̀, ilé ọmọ á tún tẹ̀ ẹ́, ìtọ̀ á dúró síbẹ̀, kòkòrò á máa pọ̀ sí i, tó bá gòkè dé kíndìnrín ó lè mú ọmọ wá láìtọ́jọ́. Oògùn ọjọ́ 7 ni, mo lò ó tán pátá, mo tún gbé ìtọ̀ padà lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Kí n fi kún un, ìlóṣòó tá à ń lóṣòó lórí tọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn, ìtọ̀ kì í tán nínú ẹni. Ẹ nu ìjókòó ẹ̀ kẹ́ ẹ jókòó dáadáa, kẹ́ ẹ tọ̀ tán. Iwájú lọ sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ máa nùdí, torí kòkòrò inú ìgbẹ́ ló ń rìn wá síwájú. Tẹ́ ẹ bá bá ọkọ sùn tán, ẹ dìde lọ tọ̀. Ẹ má fi álọ́ọ̀mù fọ abẹ́ o.

Àbúrò tó béèrè: Ẹ ṣeun mà. Mọ́mì mi ti fẹ́ fi àgbo ránṣẹ́. Ṣé oògùn yẹn ò ní wọ́n?

Èmi: Má mu àgbo kankan, a ò mọ ohun tí wọ́n sè síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn, ní kí mídíwáìfù bá ẹ ṣe maternity exemption, ìwé tí wọ́n fi ń fún aláboyún ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, ó máa ń lò títí oṣù 12 lẹ́yìn ọjọ́ ìbímọ tí wọ́n dá fún ẹ. Tó o bá ń tọ̀ sínú ike, jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù ná kó o tó gbé e sábẹ́. Tí ibà bá dé, tó ò ń gbọ̀n, tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn ẹ́ tàbí ò ń bì, má dúró kílẹ̀ mọ́, pe ẹ̀ka aláboyún (maternity) ní ọsibítù ẹ tàbí 111, nọ́ńbà ìlera NHS, lóru yẹn. Ẹni tó bá jẹ́ SS kó tètè sọ fún wọn, ó máa ń tètè mú wọn.

Àbúrò tó béèrè: Mo ti pè wọ́n mà. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ láago méjì, kí n gbé ìtọ̀ dání.