Ọjọ́ 10 nínú òtẹ́ẹ̀lì: oníkọ́míìkì wo ni kí n mú?

7 Oṣù Kejìlá 2021

Àdùnní Lewisham: Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé! Láàárọ̀ yìí ni mo ti Èkó dé. Àná ni ìjọba UK fi Nàìjíríà sínú red list, ìyẹn àwọn ìlú tí ẹni tó bá tibẹ̀ dé gbọ́dọ̀ dá wà fún ọjọ́ 10 nítorí kòrónà, ni wọ́n bá kó wa sí òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí pápákọ̀ òfúrufú Heathrow. Pọ́ùn 2,285! Fèrèsé ò ṣeé ṣí. Fíìmù ti sú mi. Kọ́míìkì ni mo fẹ́, oníkọ́míìkì kan ṣoṣo tí màá kà tán kí n tó jáde. Ta ni kí n mú? Ẹ tètè o, kí n tó máa bá ògiri sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì Peckham: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Nígbà tí mo ti Dubai dé lóṣù Kẹta, 1,750 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Èyí tó dùn mí ju owó lọ ni pé One Piece ni mo gbé. Kọ́míìkì Japan ni, láti 1997 ni Eiichiro Oda ti ń kọ ọ́, ó ti lé ní ìwé 100, kò sì tíì parí! Ìwé 14 ni mo bá jáde. Títí dòní, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Èyí tó lópin ni kó o mú.

Akin Manchester: Akira, ti Katsuhiro Otomo. Ìwé 6 péré, ojú ìwé rẹ̀ lé ní 2,000. Ẹ̀yìn ni kó o ti ṣí i o, ìwé Japan ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston: Irọ́! Irú ìmọ̀ràn yìí ló jẹ́ kí n fowó ṣòfò. Mo ṣí i látẹ̀yìn, mo ti rí bó ṣe parí kí n tó mọ ẹni tó ń jà. Iwájú ni!

Akin Manchester: Ayédèrú lẹ rà ní Texas. Tèmi wà lọ́wọ́ mi báyìí, ẹ̀yìn ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston: Ayédèrú kẹ̀? Èmi tí mo ní rìsíìtì!

Ẹ̀gbọ́n Dublin: Ẹ rọra. Ẹ̀yin méjèèjì ò purọ́. Èyí tó ní èèpo rírọ̀, wọ́n ti yí àwòrán inú rẹ̀ padà kí òyìnbó lè kà á láti òsì. Èyí tí wọ́n kó sínú àpótí ní 2017, láti fi ṣàjọyọ̀ ọdún 35 ìwé náà, ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà ní Japan, láti ọ̀tún.

Akin Manchester: Mo jàre nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston: Ìdajì. Òjò Manchester ti wọ̀ ọ́ lágbárí.

Ìyá Ìbejì Peckham: Àdùnní, má dá wọn lóhùn. Marguerite Abouet ni kó o mú. Aya ni ìwé ọ̀hún ń jẹ́, Yopougon ní Abidjan ló ti ṣẹlẹ̀, Clément Oubrerie ló ya àwòrán rẹ̀. Ìwé 6 àkọ́kọ́ ti wà lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé ńlá 2. Kò sógun, kò síyàn: ọmọge, ijó, ọkùnrin onírọ́. Bí Mushin gan-an ni! Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀pà wà lẹ́yìn ìwé. Má kà á tí oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì bá wà níwájú ẹ.

Àdùnní Lewisham: Kárọ́ọ̀tì bíbọ̀ ni wọ́n gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, Mà. Ṣé mo lè kà á lórí fóònù?

Ẹ̀gbọ́n Dublin: Fóònù kẹ̀! Lẹ́tà inú ẹ̀ á dà bí èèrà. Táblẹ́ẹ̀tì ni. Tó o bá ní káàdì láíbìrì, yẹ Libby wò, áàpù tí wọ́n fi ń yá ìwé láíbìrì, kó o tó náwó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston: Èmi tí mo ti Èkó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé mi ni mo lọ tààrà.

Ìyá Ìbejì Peckham: Ilé tó o máa wakọ̀ fún wákàtí kan kó o tó rí ata rodo rà! Ẹnu ọ̀nà mi nibí ni wọ́n ti ń tà á.

Akin Manchester: Ikebe Super ni ọkàn mi ń fà sí jàre. Kọ́míìkì Nàìjíríà ni, 1976 ni Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bàbá mi ń fi í pamọ́ sí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà la sì ti ń kà á.

Ẹ̀gbọ́n Dublin: Atọ́ka ńkọ́?

Akin Manchester: Fọ́tò àwọn eléré ni wọ́n fi ń sọ ìtàn nínú Atọ́ka, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe kọ́míìkì.

Ẹ̀gbọ́n Dublin: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá mi àgbà ò mọ̀wé. Ní Mọ́kọ́lá, wọ́n á máa wo àwòrán, èmi á máa ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí wọn létí. Tí mo bá fo ojú ìwé kan báyìí, wọ́n á mọ̀.

Àdùnní Lewisham: Ẹ ti jẹ́ kí ilé máa wù mí. Ta ló wà nítòsí Hounslow, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Heathrow níbí, tó lè gbé ata wá?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston: Mo ti ń bọ̀. Ó ku ọkọ̀ òfúrufú.

Ìyá Ìbejì Peckham: Yàrá wo lo wà, Àdùnní?